Bí àárẹ̀ ṣe ń dé sára ẹni tó jáwọ́ nínú igbó, àti ohun tó ń lé e lọ

Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta tí ẹni tó ti ń mu igbó lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ bá jáwọ́ ni àárẹ̀ náà sábà máa ń dé. Kò jọ àárẹ̀ ẹni tó ro oko tàbí tó ru sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á máa ṣú, iṣẹ́ tí kò tó nǹkan á dà bí òkè Ìdànrè lójú ẹni. Síbẹ̀, bí alẹ́ bá lẹ́, oorun ò ní wá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà, àgbẹ̀ kòkó àti àwọn tó ń la pákó ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti máa ń padà sídìí rẹ̀. Wọ́n á ní igbó ló ń fún àwọn lágbára, wọ́n á sì fi àárẹ̀ yìí ṣe ẹ̀rí. Gbèsè tí igbó fúnra rẹ̀ dá sí ara lọ́rùn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí yẹn, gbèsè náà sì ní iye ọjọ́ tó fi ń tán.

Ara ènìyàn máa ń ṣe àwọn èròjà kan tó jọ THC, ìyẹn èròjà inú igbó tó ń pa ènìyàn bí ọtí. Ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ rí àkọ́kọ́ nínú wọn, tí wọ́n sì pè é ní anandamide. Àwọn èròjà yìí ló ń bá ọpọlọ díwọ̀n oorun, ebi, ìrora, ìbínú àti ìdùnnú. Ọpọlọ ní etí kéékèèké tó fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, CB1 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí: etí á di sí ariwo náà, débi pé bí wọ́n bá tiẹ̀ pa ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í tètè wọlé. THC ni ẹ̀rọ ìlọta yẹn. Bó bá ti ń pariwo láràárọ̀ àti lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ọpọlọ á ti dín àwọn etí yìí kù. Lọ́jọ́ tí igbó bá dáwọ́ dúró, ohùn èròjà ti ara ṣì wà, etí tó máa gbọ́ ọ ni kò tó.

Wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó jáwọ́, ó sì hàn pé àwọn etí yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí padà láàárín ọjọ́ 2, pé nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 4, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kì í mu igbó dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ ìnira á ti rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, àfi oorun tó lè fa ẹsẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

THC kì í bá omi lọ, inú ọ̀rá ara ló ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìtọ̀ fi lè ṣì rí i lára ẹni tó mu ún gan-an lẹ́yìn oṣù kan. Kò sí àgbo “afọra” tàbí gálọ́ọ̀nù omi tó lè fọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ mẹ́ta, owó ni wọ́n kàn ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀.

Oorun ni gbòǹgbò àárẹ̀ yìí ju ohunkóhun lọ. Igbó máa ń dín apá oorun tí a fi ń lá àlá kù. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, àlá á padà bí omi tó já odò. Á gbóná, á mọ́lẹ̀, òmíràn á dẹ́rù bani débi tí ènìyàn á fi fò dìde nínú òógùn. Nílé wa níbí, kíá ni wọ́n máa ń sọ pé ọ̀tá ilé ló ń jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kí ó gbà á, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ọpọlọ tó ń gba àlá tó ti pàdánù padà ni, àti pé á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó sùn fún wákàtí 4 tó ń já lẹ́ẹ̀márùn-ún kò sinmi. Ebi tún wà níbẹ̀: oúnjẹ á máa sú u, á sì máa fi inú òfo ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé tábà ló ń fi wé igbó rẹ̀, tó sì fi méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àárẹ̀ tábà á lé lórí ti igbó.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Orí fífọ́, òtútù, òógùn òru, àìlèjẹun, ara tó rọ jọwọrọ: ta ni kò ní pè é ní ibà? Wọ́n á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á ra oògùn ibà lò, kò ní lọ, wọ́n á tún ra òmíràn. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, òun ló yẹ kó ṣáájú oògùn. Kí a tún fi tẹmómítà wọn ara. Jíjáwọ́ nínú igbó lè mú òógùn àti òtútù wá, ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná tó 38 °C, kí a wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn. Èyí ṣe pàtàkì ní ìdàkejì pẹ̀lú, nítorí ibà gidi lè mú ẹni tó ń jáwọ́, kó sì máa rò pé igbó ni.

Lórí oorun, àkókò jíjí ni kí a kọ́kọ́ mú dúró, kì í ṣe àkókò sísùn. Bó bá jẹ́ aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni, kó jẹ́ mẹ́fà lójoojúmọ́, bí oorun tilẹ̀ burú. Kí ẹni náà jáde sínú ìmọ́lẹ̀ kíá, kó rìn fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó mú. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ ìgbà tí alẹ́ máa jẹ́. Bó bá fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án, kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kó sì jẹ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Obì àti kọfí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán gangan. Kaféènì, èròjà inú wọn tó ń lé oorun, máa ń lo nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà obì aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kí aṣọ gbígbẹ kan wà nítòsí ibùsùn fún òógùn òru.

Ní ti oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún sàn ju àwo ńlá kan lọ. Ògì pẹ̀lú mílíìkì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin bíbọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wọlé nígbà tí iyán kò bá wọ̀ ọ́. Kí iyán kúkú jẹ́ ti ọ̀sán, nítorí ikùn tó wúwo lálẹ́ ń da oorun rú. Bí òógùn bá pọ̀ tàbí tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi oníyọ̀-àti-ṣúgà dára: lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni.

Kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ dín sí ìdajì bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí kò sùn tó wákàtí 4 kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ ìlapákó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á máa pẹ́ kó tó dá ojú lóhùn. Àwọn ará ilé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣe àtúnṣe ńlá ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ padà sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń mu ún.

Àwọn ohun tí wọ́n máa ń fi rọ́pò ló bani nínú jẹ́ jù. Paraga ń múni sùn, ṣùgbọ́n ó ń já oorun náà ní ààjìn. Tramadol àti kodíìnì á fi agbára èké hàn fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á sì dá ìdè mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lexotan, oògùn amọ́kànbalẹ̀ tí wọ́n ń rà láìní ìwé dókítà, lè di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí jíjáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bá le jù fún lè máa gé e kù: bó bá ń mu ẹyọ 6 lójúmọ́, kó jẹ́ 4 fún ọ̀sẹ̀ kan, 2 fún ọ̀sẹ̀ kejì, 1 lálẹ́ fún ìkẹta, kó tó dópin. Kí ó kọ iye náà sílẹ̀, nítorí ẹnu ò mọ ìṣirò.

Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá kọjá tí àárẹ̀ kò dín, kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: PCV fún àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, àti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní tàírọ́ìdì. Ìbànújẹ́ ọkàn tó ti wà lábẹ́ igbó tẹ́lẹ̀ náà lè yọjú báyìí. Bí ẹni náà bá ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fún àwọn ọ̀ràn tí kò tíì dé bẹ́ẹ̀, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ìpè ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040, tọ̀sán-tòru. Kí ẹni tó ń lọ rí dókítà mú ìwé kékeré kan dání tó kọ ọjọ́ tó jáwọ́ sí, iye tó ń mu tẹ́lẹ̀, wákàtí tó sùn lálaalẹ́ àti oògùn gbogbo tó ti lò látìgbà náà, títí kan ti kẹ́míìsì àti àgbo.