Ẹ̀tù púpọ̀ kọ́ ló ń mú kí ọta ṣakabùlà lọ jìnnà

Bí ọdẹ bá yin ṣakabùlà tí ẹran sì sá lọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀tù ló kéré. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á rọ ẹ̀tù ju ti àná lọ, ìbọn á bú bí àrá, èéfín á bo igbó, èjìká á máa ro ọdẹ, ẹran á sì tún sá lọ. Ìgbàgbọ́ yìí wà nílé wa. Ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọdẹ kan ṣì ń mú ìbọn tí a ń ki láti ẹnu lọ pa tòlótòló igbó nígbà ìrúwé. Òdì ni níbi méjèèjì. Nínú ìbọn tí inú irin rẹ̀ dán, tó sì jẹ́ ọta wẹ́wẹ́ la kì í, ẹ̀tù tó bá ti kọjá ìwọ̀n máa ń tú ọta ká ni.

Tòlótòló la ó fi ṣàlàyé rẹ̀, torí kò sí ẹran tó ń tú àṣírí ìbọn bíi tirẹ̀. A kì í yìnbọn fún un lára. Ìyẹ́ àti ẹran àyà rẹ̀ nípọn, ọta wẹ́wẹ́ lè há síbẹ̀, kí ẹyẹ náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Agbárí àti egungun ọrùn là ń wá, ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju íǹṣì méjì sí mẹ́ta lọ. Ọta kan ṣoṣo kò ṣeé gbójú lé. Ọta mélòó kan gbọ́dọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí ọta ṣe ṣù jọ ṣe pàtàkì ju bó ṣe yára lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo inú irin ìbọn. Òjé rọ̀. Bí iná ẹ̀tù bá ti ọta lójijì, àwọn ọta ìsàlẹ̀ á ru ẹrù gbogbo èyí tó wà lórí wọn, wọ́n á sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa ha irin títí wọn ó fi jáde. Ọta tó bá ti tẹ́ kì í lọ tààrà mọ́. Afẹ́fẹ́ á gbé e gba ẹ̀gbẹ́, á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ tó ni títì yìí ṣe le tó. Wàhálà tún wà lẹ́nu ìbọn: gáàsì tó ṣì ń fi agbára jáde á ti páálí tó wà lẹ́yìn ọta, páálí á já wọ àárín wọn, wọ́n á sì fọ́n. Ìdí nìyí tí ọta líle, èyí tí wọ́n po àǹtímónì mọ́ òjé rẹ̀, fi máa ń ṣù jọ ju ọta òjé rírọ̀ lọ láìfi nǹkan kan kún ẹ̀tù.

Ẹni tó bá ní kò burú, pé ó kéré tán ọta á yára sí i, kó gbọ́ ti Benjamin Robins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1742 ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó gbé ohun wíwúwo kan rọ̀ bí ẹni so jáńgílófà, ó ń yìnbọn lù ú, bó ṣe fì sẹ́yìn tó ló sì fi ń mọ bí ọta ṣe yára tó. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ ń dí ọta lọ́wọ́ ju bí àwọn onímọ̀ ìgbà yẹn ṣe rò lọ fíìfíì, àti pé bí ìyára ọta bá ti súnmọ́ ti ìró, ìdíwọ́ náà á ga sókè lójijì. Ìró máa ń lọ tó 1,100 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní ọta wẹ́wẹ́ kan jáde lẹ́nu ìbọn ní 1,300, òmíràn sì jáde ní 1,100: ìyàtọ̀ 200 tó wà láàárín wọn kò ní tó ìdajì mọ́ kí wọ́n tó dé 40 yáàdì. Owó ẹ̀tù ti lọ, èjìká ti jẹ ìyà rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti gba èrè náà padà.

Ẹ̀tù dúdú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń jó tán. Nínú ọgọ́rùn-ún, 75 jẹ́ saltpetre (iyọ̀ kan tó ń ran iná), 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bó bá sì jó, ohun tó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló ń di èérí àti èéfín dípò gáàsì. Ẹ̀tù àpọ̀jù á tètè fi èérí dí irin, kíkì kejì á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibo la ó wá ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà àtijọ́ ló ṣì dára jù: ife ìwọ̀n kan náà fún ẹ̀tù àti fún ọta. Ìbọn 20 géèjì, tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.615, ẹ fi ife tó gba 70 gréènì ẹ̀tù FFg bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bu ọta òjé kún ife náà, ẹ ó rí bí áúńsì 1. Fún 12 géèjì, tí tirẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.729, ẹ fi 80 gréènì bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọta bí áúńsì 1⅛ sí 1¼. Gréènì kì í ṣe iye hóró ẹ̀tù o. Ìwọ̀n ni, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùn kan, 70 sì jẹ́ bíi gíráàmù 4½. Lẹ́tà F ara agolo ń sọ bí hóró ṣe kéré tó: bí F bá ṣe pọ̀ sí i, hóró á máa kéré sí i, iná rẹ̀ á sì máa yára sí i. Ẹni tó bá gbé FFFg sípò FFg láìdín ìwọ̀n kù ti fi agbára kún inú irin láìmọ̀. FFFFg ní tirẹ̀, inú àwo ìtanná tó wà níta ìbọn olókùúta ni wọ́n ń bu díẹ̀ sí, kì í ṣe inú irin.

Ìwọ̀n wọ̀nyí wà fún ìbọn tí ilé iṣẹ́ rọ, tí wọ́n sì ti fi iná dán irin rẹ̀ wò. Bí ìwé tó bá ìbọn yín wá bá sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, iye yẹn ni òfin. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi tàbí irin ọkọ̀ rọ kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí irin yẹn lè gbà. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, irú èyí tó wà nínú kátíríìjì, kò gbọ́dọ̀ wọ ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ì báà jẹ́ ìdajì ife. Ó ń fọ́ irin, ó sì ń gbé ọwọ́ àti ojú lọ.

Láti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ yìí, tòlótòló ń fẹ́ kí a lọ síbi tí ọ̀pọ̀ ò lérò: ẹ dín ẹ̀tù kù. Ẹ fi ọta sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì máa yọ 5 gréènì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: 80, 75, 70, 65. Níbì kan láàárín wọn, ẹ ó rí i tí ọta á ṣù jọ. Bó bá ti lọ kéré jù, ìbọn á dún rọra, ọta á sì máa ta padà lára ohun tó bá bà. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ gbé agolo tòmátì òfìfo sí ọ̀nà tó jìnnà jù tí ẹ lè yìnbọn sí. Bí ọta bá dá ojú agolo kan lu, agbára ṣì wà. Bó bá kàn tẹ̀ ẹ́ wọnú, ẹ ti dín in kọjá ààlà.

Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tó ń ba ìbọn àwọn èèyàn jẹ́ jù kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀tù. Ohun tí wọ́n fi sáàárín ẹ̀tù àti ọta ni. Lórí ẹ̀tù, páálí líle tó nípọn ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì ló yẹ, tí wọ́n gé kó kún ojú ihò ìbọn dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé gáàsì. Bó bá kéré, tàbí tó dojú dé nígbà kíkì, iná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ àárín ọta. Àkísà tí ọ̀pọ̀ ń lò nílé kì í sé gáàsì bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí sì nìyí tí ìbọn kan náà fi ń pa ẹran lónìí tí kò sì ní pa á lọ́la. Àkísà tún máa ń jáde pẹ̀lú iná lára. Nígbà ọyẹ́, ó tó láti sun oko ẹlòmíràn.

Lórí páálí yìí ni wọ́n máa ń fi tìmùtìmù sí, èyí tí wọ́n fi nǹkan bí òwú líle ṣe, tó nípọn ìdajì íǹṣì. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú òróró ólífì kó lè mú èérí inú irin rọ̀. Ó wúlò, àmọ́ òun gan-an ló ń fa àbùkù tó ń ya ọdẹ tuntun lẹ́nu jù: ẹ ó yìnbọn sí bébà, ẹ ó sì rí i pé ọta pọ̀ yí ká, àárín gbùngbùn wá ṣófo. Tìmùtìmù tó wúwo fún òróró ló sáré gbá ọta nídìí, tó là á sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì kí ẹ lo ìdajì, kí ẹ sì fún òróró rẹ̀ dànù. Bí ihò yẹn ò bá lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ fi páálí tín-ín-rín méjì rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀tù kún un láti wo àbùkù yìí sàn ń mú un burú sí i ni.

Lórí ọta, páálí tín-ín-rín kan ṣoṣo tó, èyí tí kò nípọn ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún íǹṣì lọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí i kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde nígbà tí ẹ bá ń tì í wọlé. Ife oníke tó ń kó ọta jọ máa ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ẹ̀tù dúdú ń yọ́ ike mọ́ irin, a sì gbọ́dọ̀ ha á kúrò lẹ́yìn gbogbo ìyìnbọn díẹ̀.

Ìwọ̀n ọta ńkọ́? Nọ́ḿbà 4, 5 àti 6 ni ti tòlótòló. Nínú áúńsì òjé kan, 4 máa ń tó 135, 5 tó 170, 6 sì tó 225. Nínú ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò fún, a máa ń fara mọ́ 5 tàbí 6, torí iye tó bá orí ẹyẹ ló ṣe pàtàkì níbi tó súnmọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èyí tó yẹ. Ní Califóníà, láti 2019, ọdẹ ò gbọdọ̀ lo òjé mọ́; bísímọ́ọ̀tì, irú irin mìíràn, ni àwọn oníṣakabùlà ń lò. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ife kan náà kò ní fún yín ní ìwọ̀n áúńsì kan náà. Ọta irin líle ń ha inú irin ìbọn àtijọ́, ẹ má lò ó láìsí ohun tí yóò dáàbò bò ó.

Bébà ni adájọ́. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó mítà kan lóròó àti níbùú, ẹ fi àmì sí àárín, kí ẹ dúró ní 25 yáàdì. Lẹ́yìn ìyìnbọn, ẹ fa òbìrí íǹṣì 10 yí ibi tí ọta pọ̀ sí jù ká, kí ẹ sì kà á. Bí òbìrí yẹn bá jìnnà sí àmì, ìbọn yín ń ta sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ̀tù ò mọ̀ nípa ìyẹn. Ẹ yìnbọn mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, torí bébà kan ṣoṣo máa ń tan èèyàn, kí ẹ sì yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí ẹ̀tù, páálí àti ọta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá rí èyí tó dára, ẹ ya orí àti ọrùn tòlótòló sórí bébà, kí ẹ wá máa sún sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún márùn-ún. Ibi tí ọta mẹ́fà kò bá ti lè bá agbárí àti egungun ọrùn nígbà gbogbo, ẹ ti kọjá ààlà ìbọn yín. Fún ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tí ẹnu rẹ̀ kò fún, 25 sí 30 yáàdì ni. Kì í ṣe àdánù: ọdẹ tòlótòló máa ń fara pamọ́ ni, á máa dún bí abo títí akọ yóò fi rìn wá bá a.

Kíkì náà ní ètò tirẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá ìkibọn dé ìsàlẹ̀ irin tó ṣófo, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn. Ẹ tún fi àmì kejì sí i nígbà tí ẹ bá ki í tán. Àmì méjì yìí ló ń gbani lọ́wọ́ kíkì lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó ki ohunkóhun sínú irin, ẹ yin káàpù kan, ìdérí kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí ewé: bí ewé bá mì, òróró ti kúrò, ọ̀nà iná sì ṣí. Inú ife ìwọ̀n ni ẹ̀tù ti ń wọ ìbọn, kì í ṣe láti inú ìwo tí a ń kó ẹ̀tù sí tàbí agolo ní tààrà, torí ẹyinná kan tó kù nínú irin lè gbé gbogbo ìwo náà bú lọ́wọ́ yín. Ẹ ti páálí títí á fi jókòó mọ́ ẹ̀tù pátápátá, nítorí àlàfo láàárín wọn lè mú irin wú tàbí kó bẹ́. Káàpù ló kẹ́yìn. Nínú ìbọn olójú méjì, bí ẹ bá yin ẹyọ kan, ẹ fi ọ̀pá yẹ èkejì wò kí ẹ tó yìn ín, torí ìgbọ̀nrìrì lè ti ọta rẹ̀ síwájú.

Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu inú irin lẹ́yìn ìyìnbọn kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń dán an wò. Ìbọn tó mọ́ kì í tú ọta ká bí èyí tó ti dọ̀tí, ìyìnbọn kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wà fún tòlótòló, láti inú irin tó mọ́. Bébà tí ẹ bá yìn lẹ́yìn tí èérí ti kún inú rẹ̀ kò sọ ohun tí ìbọn náà yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ ọdẹ.