Iná Kì í Pa Oró Iṣin

Bí ẹ bá sọ ní Kétu pé iṣin tí kò tíì là lè pa ọmọ, ẹni tó bá máa kọ́kọ́ dá yín lóhùn á ní: "Èyí tí wọ́n jẹ ní tútù nìyẹn. Àwa máa ń sè é." Ẹ̀gẹ́ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: a rẹ ẹ́, a fún un, a yan án, a sì jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Iṣin kì í ṣe ẹ̀gẹ́.

Hypoglycin ni wọ́n ń pe oró inú rẹ̀, iná kì í bà á jẹ́. Díẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi tí a fi sè é, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù nínú iṣin tí kò gbó tó láti ṣe ọmọdé léṣe, kí á má tíì sọ ti ìyá tó tún fi omi yẹn se ọbẹ̀. Orí igi ni oró náà ti ń dín kù nínú ẹran iṣin, títí èèpo pupa fi máa la ẹnu fúnra rẹ̀, tí kóró dúdú á yọjú síta. Ẹran funfun ìdí kóró nìkan ló ṣeé jẹ. Ẹ fi èékánná yọ awọ pupa tín-ín-rín tó wà láàárín rẹ̀ dànù. Kóró ní tiẹ̀ kò ṣeé jẹ láéláé. Àgbà tó bá ní kí ọmọ má fi ọ̀bẹ la iṣin mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé inú ìkòkò kan náà ni ọmọ méjì ti jẹun, ọ̀kan kú, èkejì ń ṣeré. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Oró yìí kì í jẹ́ kí ara lè ṣe ṣúgà nígbà tí oúnjẹ bá ti tán nínú rẹ̀. Ọmọ tó yó sùn ṣì ní ohun tí ara rẹ̀ ń ná lóru. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò jẹun kánú kò ní. Á bì, gìrì á mú un, kò ní mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Ní Burkina Faso lọ́dún 1998, ọmọdé 29 ló kú báyìí láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún, iṣin àìgbó sì ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé.

Omi ṣúgà tí wọ́n ń fà sí iṣan nílé ìwòsàn lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là, bí wọ́n bá tètè gbé e dé. Ní ti ọjà, iṣin tó ṣì wà nínú èèpo tó là ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti bó sínú abọ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá igi ló là á tàbí ọ̀bẹ.