Folklore kì í ṣe irọ́: ìdí tí mo fi ń pè é ní àbáláyé

Ọmọ àǹtí mi kan ló fa gbogbo eléyìí. Wọ́n gbà á wọlé láti lọ kàwé másítà lórí folklore, ìyẹn àlọ́, orin, àṣà àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ará ìlú ń kọ́ lára ara wọn, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, wá sọ fún wọn. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yọ ìwé tí wọ́n fún un jáde, ó ka ohun tí ẹnì kan fi Yorùbá kọ síbẹ̀: "ìmọ̀ ìtàn àròsọ àwọn ènìyàn". Àǹtí mi gbé aṣọ tí wọ́n ń ká sílẹ̀. "Àròsọ? Owó tí mo fi ọwọ́ inú aró wá, irọ́ lo fẹ́ fi lọ kọ́?" Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi, torí àǹtí mi ò jẹ̀bi o, ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ̀bi.

Ìtàn àròsọ ní ẹni tó ni ín. Ònkọ̀wé kan ló jókòó, tó rò ó nínú orí ara ẹ̀, tó kọ ọ́. Ta ló ni àlọ́ Ìjàpá? Ẹ bá mi wá a.

Àwọn míì ní kí a kúkú sọ pé fókílọ̀. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, èmi náà ń sọ bẹ́ǹṣì, mo ń sọ tábìlì, àmọ́ fókílọ̀ dún létí mi bí orúkọ oògùn ikọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ kò tíì mọ nǹkan kan ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lítíréṣọ̀ alohùn sàn jù ú lọ, àwọn tó ń lò ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni wọ́n mú. Tí ìyá kan bá ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, tó fi ń ya aṣọ kó tó di pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ohùn wo ló wà níbẹ̀? Irun ṣùkú ńkọ́? Ayò ọlọ́pọ́n ńkọ́? Ìbílẹ̀ náà ò tó, torí ó so nǹkan náà mọ́ ilẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ Ifá ti bá àwọn èèyàn wa dé Kúbà, kò sì gbé ilẹ̀ kankan dání lọ.

Èmi ń sọ pé àbáláyé. Ohun tí a bá láyé. A ò dá a sílẹ̀, a kàn dé tí a bá a ńbẹ̀, ì báà jẹ́ ti ẹnu, ti ọwọ́, tàbí ti ẹsẹ̀.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ folklore sílẹ̀ gan-an, èèyàn mi ni. William Thoms, akọ̀wé ọ́fíìsì lásán ní London, ní 1846 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Athenaeum, ó tiẹ̀ fi orúkọ pa mọ́, ó pe ara ẹ̀ ní Ambrose Merton. Ohun tí wọ́n ń pe nǹkan náà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó ní èdè Látìn nínú, tó dà bí "ohun àtijọ́ àwọn ará ìlú", ó sú u, ló bá so ọ̀rọ̀ méjì tó jẹ́ ti èdè wọn gan-an pọ̀. Ohun tí òun ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń ṣe fún Yorùbá, wọ́n wá ń bú mi.

Tíṣà Yorùbá kan ní Ìbarà, ọ̀rẹ́ mi ni, ó ti bá mi jà lórí ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ní tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ àbáláyé, òrìṣà ló máa wá sí wọn lọ́kàn, torí "ẹ̀sìn àbáláyé". Mo ní ṣé torí pé ilé ìfowópamọ́ ń jẹ́ ilé, a ò ní pe ibi tí à ń sùn ní ilé mọ́ ni? Ó tún ní àbáláyé ti gbó jù, pé àwàdà orí WhatsApp ńkọ́, torí Alan Dundes tó kọ́ni ní Berkeley sọ pé ẹgbẹ́ èèyàn èyíkéyìí tí nǹkan kan ṣáà ti pa pọ̀ ló ní folklore tiwọn. Òótọ́ ni, àwọn ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́ ní tiwọn. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí, ṣé kò bá WhatsApp láyé ni? Kò tíì dá mi lóhùn.

Bí ọmọ àǹtí mi ṣe débẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Àkáǹtì ló kà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ń bá ìyá ẹ̀ ṣírò ìwé gbèsè, ìwé ńlá kan tí etí ẹ̀ ti di búlúù látinú aró, ó rí i pé wọn kì í kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀, orúkọ aṣọ ni, "oní-Ìbàdàndùn, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta". Ó wá rí orúkọ méjì tó jẹ́ ti aṣọ kan ṣoṣo. Ó bi wọ́n, wọ́n ní bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyí, bí ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń pè é nìyẹn. Ó tán o. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì, ó ń béèrè orúkọ aṣọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbèsè tí wọ́n ní kó lọ gbà, kò rántí ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé náà ni àwọn àgbà iṣẹ́ ọ̀hún gbà wọlé. Jacob Grimm àti Wilhelm àbúrò ẹ̀, òfin ni wọ́n kà ní Marburg ní Jámánì kí wọ́n tó máa kó àlọ́ jọ, 1812 ni apá kìíní jáde. Franz Boas, físíìsì ló fi gba oyè dókítà ní 1881, lórí àwọ̀ omi, ẹ gbà mí o, òun náà ló padà wá ń ṣe olóòtú ìwé àwọn onífolklore Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wándé Abímbọ́lá tiwa, ìmọ̀ ìtàn, ìyẹn history, ló kọ́kọ́ kà, ó kọjá sí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kó tó wá di pé Ifá ló fi gba dókítà ní Yunifásítì Èkó.

Kí wá ni onímọ̀ àbáláyé ń ṣe? Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ mú Ìbàdàndùn márùn-ún lọ́wọ́ obìnrin márùn-ún tó ṣì ń fọwọ́ yà á, kì í ṣe kàmpálà tí wọ́n fi fóòmù tẹ̀ o, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Àmọ́ ẹni yìí fi ṣíbí sáàárín òpó, ẹni tọ̀hún fi ewé sí i, ẹnì kan ti gbàgbé pé òpó ni, ó ń yà á bí àkàbà. Oníbàárà á mú èyí tó wù ú. Onímọ̀ àbáláyé ò ní mú ìkankan, á jókòó ti gbogbo ẹ̀, á máa béèrè ta ló kọ́ ẹ, ìgbà wo ni ewé wọlé, kí ló sọ òpó di àkàbà. Bí àlọ́ náà ṣe rí nìyẹn, nílé yìí Ìjàpá á kú, nílé kejì á sá lọ, orin kan náà ni wọ́n sì ń gbè. Àwọn kan á ní kí n wá ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn àti ìtàn ìwáṣẹ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún àǹtí mi nìyẹn, pé àbáláyé ni, bí ẹ̀yin náà ṣe bá Ìbàdàndùn lọ́wọ́ ìyá tó kọ́ yín. Wọ́n ní, "O ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀." Wọ́n sanwó ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan béèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìyàngàn sọ pé ó ti lọ kàwé àbáláyé. Alhaja yẹn gbá àyà mú: "Háà, ṣé babaláwo ló fẹ́ dà ni?"

Tíṣà Ìbarà ti gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Mo gé fóònù mọ́ ọn létí, mi ò sì ní yí orúkọ náà padà.