Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Mú Kó Má Bàa Bọ́

Ẹnì kan pe nọ́ńbà fóònù sí yín létí, kò sí bírò nítòsí. Ẹ gbé e sọ́kàn títí ẹ fi rí fóònù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Kò pẹ́, nọ́ńbà náà ti fò lọ. Níbo ló wà ní gbogbo àsìkò tí ẹ fi ń wá fóònù?

Ohun tó mú ìbéèrè yìí le ni pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í dá nǹkan dì mú pẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ta iná sí èkejì, mílísẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, ni iná ọ̀hún fi ń kọjá. Nǹkan tí kì í pẹ́ yìí ni ọpọlọ wá fi ń ṣe iṣẹ́ tó lè gba ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí 20.

Ní ọdún 1971, ikọ̀ méjì tó ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí ẹ̀rí gidi: Joaquin Fuster àti Garrett Alexander ní Amẹ́ríkà, Kisou Kubota àti Hiroaki Niki ní Japan. Ọ̀bọ ni wọ́n lò. Ní ti Fuster, ọ̀bọ á rí ibi tí wọ́n fi oúnjẹ pamọ́ sí, wọ́n á wá fi nǹkan dí i lójú, á sì dúró kó tó lè na ọwọ́ mú un. Lásìkò ìdúró yẹn, tí kò rí oúnjẹ mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbéra, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní iwájú ọpọlọ rẹ̀ ń ta iná lọ láìsinmi. Ní 1989, Patricia Goldman-Rakic àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìdánwò tí ọ̀bọ ti ní láti rántí ibi tí àmì kan ti yọ, kó sì wo ibẹ̀. Wọ́n fi kún un pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìhà tirẹ̀: èyí ń rántí àmì tó yọ lápá ọ̀tún, tọ̀hún ń rántí ti òkè. Bí iná náà bá já lágbedeméjì, ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀bọ á wò. Ẹ̀rí yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Ara wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ràn lọ́wọ́. Donald Hebb, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, ti sọ ọ́ láti 1949 pé iná lè máa yípo láàárín wọn, bí ìgbà tí àwọn ọmọdé tó to yípo bá ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn: kò sí ẹni tó dì í mú pẹ́, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù ò kanlẹ̀. Ìlọ́ra ló ń gbà á là. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ glutamate ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ó sì ní ẹnu ọ̀nà oríṣi méjì tó ṣe pàtàkì lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á: AMPA àti NMDA. AMPA á ṣí, á sì tì láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù mélòó kan. NMDA ò yára bẹ́ẹ̀. Ó lè wà ní ṣíṣí fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 100. Kí ipa iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó tán, òmíràn ti dé bá a. Ketamine, oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, máa ń dí NMDA yìí. Kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré débi tí kò lè kunni lóorun, ó ń mú kó ṣòro láti di nǹkan mú lọ́kàn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún wà tó jẹ́ pé pípa iná ni iṣẹ́ tiwọn. Láìsí wọn, iná á ràn káàkiri, bó ṣe ń rí nígbà tí wárápá bá gbé èèyàn.

Àríyànjiyàn ò tíì tán o. Ní 2008, Gianluigi Mongillo, Omri Barak àti Misha Tsodyks dá a lábàá pé kò pọn dandan kí iná máa tàn léraléra. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ta iná, èròjà calcium máa ń ṣẹ́ kù díẹ̀ sí ojú ibi tó ti ń kan èkejì, ìyẹn á sì jẹ́ kí iṣẹ́ tó bá tún gbabẹ̀ tètè wọlé. Kí iná kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Lójú tèmi, ohun tí a bá fẹ́ ṣe ló ń sọ èyí tó bá a mu nínú èrò méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ká kàn di nǹkan mú ni, ọpọlọ lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ohun tó wà lọ́kàn ṣe nǹkan, bíi ká ṣe ìṣirò 48 lọ́nà 3 láìkọ ọ́ sílẹ̀, àfi kí iná tàn.