Bọ́tìnì tí kò lórúkọ

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Gbági wá bá mi pé fóònù òun ti bàjẹ́. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mélòó kan. Èmi ni mo kọ́ wọn ní lílo TalkBack, ètò inú fóònù Android tó máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù síta. Owó ọjà ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Wọ́n ṣí áàpù báǹkì wọn, wọ́n fa ìka sápá ọ̀tún. Ohun tí fóònù sọ, bí a bá túmọ̀ rẹ̀, ni "bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Wọ́n tún fà á. "Bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo kà.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ báyìí? Kò tún mọ̀wé mọ́."

Fóònù mọ̀wé. Orúkọ tí ẹni tó ṣe áàpù kọ fún bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni TalkBack ń kà. Ẹni tó ríran á rí àwòrán ọfà, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ la ti ń fowó ránṣẹ́. Bí ẹni tó ṣe é kò bá kọ "Fi owó ránṣẹ́" mọ́ ọn nínú kóòdù, kí ni TalkBack fẹ́ kà? Àwọn TalkBack tuntun máa ń dábàá ohun tí àwòrán lè jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi àbá fowó ránṣẹ́? Lórí Android, contentDescription nibi tí wọ́n ń kọ orúkọ yẹn sí. Fún àwòrán orí wẹ́ẹ̀bù, alt ni. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti tó.

Ojú ìwé PIN ló dùn mí jù. Nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí èyí tó lórúkọ. Ọmọ oní-POS tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù ni ìyá wá ń sọ PIN wọn fún, kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Báǹkì tó ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé ká má sọ PIN wa fún ẹnikẹ́ni ni áàpù rẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún wọn.

Ohun èlò kò wọ́n wa mọ́. VoiceOver, tó ń ṣe irú iṣẹ́ TalkBack, ti wà lórí iPhone láti ọdún 2009. Ti kọ̀ǹpútà, Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta, lọ́dún 2006, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù ló kù sí. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WCAG, lórí bí ohun orí wẹ́ẹ̀bù ṣe máa ṣe é lò fún aláàbọ̀ ara, ti sọ ọ́ pé kí bọ́tìnì lórúkọ, òfin Nàìjíríà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 sì ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa ṣe "áàpù afọ́jú" lọ́tọ̀. Irú rẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé ń lò ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù n'Ìbàdàn níbí, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ tan TalkBack. Kẹ́ ẹ tó tàn án, ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa pa á: bẹ́ ẹ bá ti tan ọ̀nà àbùjá rẹ̀, ẹ di bọ́tìnì ohùn méjèèjì mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ fa ìka sápá ọ̀tún láti bọ́ sórí ohun tó kàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá láti ṣí i. Ẹ wá dijú, kẹ́ ẹ fi áàpù yín ra káàdì ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹ ṣe é kí ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan tó jáde, torí mo ti rí i tí bọ́tìnì tó ń sọ̀rọ̀ lánàá yadi lẹ́yìn àtúnṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, bẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé ẹ̀sùn, "kò ṣiṣẹ́" nìkan kò tó. Ẹ sọ irú fóònù, ẹ̀dà áàpù, ojú ìwé tẹ́ ẹ wà, ohun tó kà, àti ohun tó yẹ kó kà.

Báyìí lèmi àti ìyá ṣe kọ tiwọn. Nínú ẹ̀dà tó jáde tẹ̀ lé e, wọ́n fa ìka, fóònù sì pe "Fi owó ránṣẹ́" ketekete. Ìyá ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un gbọ́. Ojú ìwé PIN ṣì yadi. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá la fi lẹ́tà kejì ránṣẹ́ lórí rẹ̀.