Ilé iná Ìjọ́rà: ọ̀nà Ìbàdàn ló bí i

Tí ẹ bá bi ará Èkó pé báwo ni ilé iná, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná, ṣe dé Ìjọ́rà l'Ékòó, á ní tàwọn ni, ó parí. Ẹlòmíì á ní nítorí omi ọ̀sà ni òyìnbó ṣe yan ibẹ̀, kí ẹ̀rọ lè rí omi mu. Ṣé kò sí omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ni? Èmi ọmọ Ìbàdàn, bí mo ṣe rí i nìyí: èédú ló gbé ilé iná lọ sí Ìjọ́rà, rélùwéè ló pe èédú wá, ọ̀dọ̀ wa níbí sì ni rélùwéè ń bọ̀. Ẹ fara balẹ̀.

Iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn l'Ékòó ní 1896, kílówáàtì 60 péré, jẹnẹrétọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan lóde òní á fi rẹ́rìn-ín. Láàárín ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń to irin rélùwéè láti Ìddó, Ìbàdàn ni wọ́n ń forí lé, 1901 ni wọ́n ṣí i dé ọ̀dọ̀ wa. Èédú sì ni oúnjẹ ọkọ̀ rélùwéè nígbà yẹn, tí ò bá jẹun kò ní kúrò lójú kan. Mi ò sọ èédú tí ìyá wa fi ń yan àgbàdo o, ìyẹn igi ni wọ́n sun. Èyí, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á bíi òkúta, kóòlù ni. Orúkọ kan náà la sì ń pe méjèèjì.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó kóòlù wá tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí ti Ẹnúgu ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, rélùwéè gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun wá gbé e wá s'Ékòó, wọ́n ń já a ní etí omi lápá Ìddó àti Ìjọ́rà nítòsí ibi tí rélùwéè wà. Ní 1923, láyé gómìnà Hugh Clifford, wọ́n kọ́ ilé iná sí Ìjọ́rà: wọ́n ń da èédú síná, iná ń se omi nínú ìkòkò ńlá, ooru omi yẹn ló ń yí ẹ̀rọ. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 22 lẹ́yìn tí rélùwéè dé Ìbàdàn. Ṣé ẹni tó ti ní òkìtì èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé á tún lọ wá ibòmíì?

ECN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ ní 1950, wọ́n ṣí Ìjọ́rà kejì tó tóbi jùyẹn lọ ní 1956. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ní 1962, wáyà 132 kV àkọ́kọ́ tí wọ́n fà ní Nàìjíríà, wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ìlú kan dé òmíràn, láti Ìjọ́rà wá sí Ìbàdàn ni. Kì í ṣe Kánò, kì í ṣe Bìní. Ìlú tó ní yunifásítì láti 1948, tó ní tẹlifíṣọ̀n láti 1959, ṣé àtùpà la fẹ́ fi máa wò ó ni?

Kí n tó gbàgbé, Ben Enwonwu ọmọ Ọ̀nìṣà rọ ère Ṣàngó fún ọ́fíìsì ECN ní Marina, 1964. Ọmọ Íbò ni o, ó sì mọ ẹni tó ni mànàmáná. Ọba Ọ̀yọ́ ni Ṣàngó, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó, ẹ parí ìyókù fúnra yín.

Káínjì, tí omi odò Ọya ń yí ẹ̀rọ tiẹ̀, dé ní 1968, NẸ́PÀ gba ipò ECN ní 1972, èédú di ìtàn, wọ́n gbé gáàsì tọ́báìnì mẹ́ta sí Ìjọ́rà ní 1978, mẹ́gáwáàtì 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò ń se omi, afẹ́fẹ́ gbígbóná fúnra ẹ̀ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ń pè ní gáàsì níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà nìkan. Lẹ́yìn náà NẸ́PÀ di PHCN, lẹ́yìn náà wọ́n ta èyí tó pọ̀ nínú PHCN fún àwọn aládàáni ní 2013, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn.

Bàbá mi ò gbà fún èyíkéyìí nínú wọn. Títí wọ́n fi kú, tí iná bá ti lọ, wọ́n á gbé rédíò wọn kúrò lórí tábìlì, wọ́n á wá bátìrì, wọ́n á ní, "Èédú ti tán ní Ìjọ́rà."