Bí ohùn ara ẹni ṣe ń padà sí etí ẹni tó ń lo rédíò láti òkèèrè

Ẹni tó bá ń gbọ́ àwọn ètò tí ará ilé ń pè wọlé sí lórí rédíò ní Ìbàdàn tàbí Èkó ti mọ gbólóhùn kan tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í yé sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín sílẹ̀." Ẹni tó pè á ti kí tẹbítará tán, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ gan-an bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á máa fa ẹnu bí ẹni tí oorun ń kùn, á dúró, á tún un sọ, á ní "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò". Kò mutí, ẹ̀rù ò sì bà á. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ láti inú rédíò tó wà lórí tábìlì, ohùn náà sì ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu rẹ̀. Etí ń gbọ́ ohun tí ẹnu ti sọ kọjá, ọpọlọ kò wá mọ èyí tó kàn.

Wàhálà kan náà ló ń bá àwọn hàámù fínra, ìyẹn àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò amateur bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí nídìí rédíò wọn mọ́. Ẹ̀rọ àti àńtẹ́nà lè wà ní Èkó, kí ẹni tó ń lò wọ́n wà ní London pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti máìkì, kí íntánẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí ohùn òun ṣe ń dún lórí afẹ́fẹ́, àmọ́ ọ̀nà tí ẹni tó jókòó ti rédíò fi ń mọ̀ ọ́n kò wúlò fún un.

Ẹni tó jókòó ti rédíò ní bọ́tìnì kan tí wọ́n sábà máa ń kọ MON sí. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á bù díẹ̀ nínú ohùn tó ń jáde, á dà á padà sínú hẹ́dífóònù rẹ̀. Lára rédíò tí iléeṣẹ́ Icom ṣe, fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹnu máìkì ni wọ́n ti ń bù ú. Inú lọ́hùn-ún ni, ní ìpele tí wọ́n ń pè ní IF, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ fi ohùn náà ṣe tán. Nítorí náà, bí máìkì bá ń hó, tàbí tí wọ́n ti fún ohùn náà pọ̀ jù, etí á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà tí ohùn gbà padà kò jù mítà kan lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìdádúró kankan níbẹ̀.

Ti London sí Èkó yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe ń kán wọlé. Ó ń dì í ní ìdì-ìdì ni. Ìdì kan sábà máa ń gba 20 mílísẹ́kọ́ńdì ohùn (1,000 rẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan), kò sì lè kúrò nílé àfi tó bá kún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn àjò. Láti London dé Èkó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà bí ẹyẹ ṣe ń fò, ìmọ́lẹ̀ inú okùn onígíláàsì sì ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà nínú mílísẹ́kọ́ńdì kan. 25 mílísẹ́kọ́ńdì nìyẹn, okùn abẹ́ òkun kì í sì í tọ́ gbọnrangandan bí ẹyẹ. Tí àwọn ìdì náà bá wá dé, wọn kì í dé létòlétò. Bíi danfo ni: mẹ́ta á tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà kò ní sí ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Kí ohùn má baà máa já, ẹ̀rọ tó wà ní Èkó á kó wọn dúró díẹ̀ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní jitter buffer, kí ó tó máa tú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní 60 mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń dúró. Àròpọ̀ lílọ nìkan ti di 105. Tí MON bá wá ń dá ohùn náà padà sí London, á tún gba ọ̀nà kan náà bọ̀, ó di 210, láìtíì ka àkókò tí rédíò fúnra rẹ̀ lò.

Ká sọ pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ wá iye tó burú jù lọ ni, bóyá kò ní rí i tó báyìí. Lọ́dún 1950 ni Bernard S. Lee ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò tí wọ́n bá ń dá ohùn rẹ̀ padà sí i létí pẹ̀lú ìdádúró. Àwọn tó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ní àyíká 200 mílísẹ́kọ́ńdì ni ó ti ń le jù. Èèyàn á máa fa fáwẹ́lì, á máa pariwo, á máa tún sílébù kan sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká fara dà á títí yóò fi mọ́ra. Ẹni tó bá ń lo rédíò lọ́nà jíjìn, kó pa MON nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ò lè sọ̀rọ̀ tí etí bá dákẹ́ pátápátá, pàápàá tí hẹ́dífóònù bá bò wọ́n létí méjèèjì. Wọ́n lè ní kí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn dá ohùn máìkì padà tààrà, láìjẹ́ kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìyẹn kì í dààmú ẹnu. Àmọ́ ìtùnú ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Máìkì nìkan ló ń sọ nípa rẹ̀. Rédíò tó wà ní Èkó lè ti kú láti àárọ̀, ohùn tó dùn mọ̀ràn-ìn mọran-in á ṣì máa wọ hẹ́dífóònù.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n ya sísọ kúrò lára gbígbọ́. Wọ́n á tan MON, ṣùgbọ́n wọ́n á yí ohùn tó ń bọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà á sì máa gbà á sílẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá gbọ́ ọ. Ìdádúró kò já mọ́ nǹkan mọ́, nítorí ẹnu ti dákẹ́ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kókó kan wà níbẹ̀ o: ohùn yìí ti rin ìrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá já, ó lè jẹ́ ìgbà tó ń bọ̀ ló já, kí ti àlọ rẹ̀ pé pérépéré.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá etí kejì, etí tí kò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá. Ní yunifásítì Twente ní Enschede, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, rédíò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi bíráósà, ètò tí wọ́n fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́. WebSDR ni wọ́n ń pè é, ó ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé nǹkan bí 29 MHz, ọgọ́rọ̀ èèyàn sì lè máa yí i sí ibi tó wù kálukú nígbà kan náà. Àwọn KiwiSDR náà wà káàkiri ayé tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́ títí dé 30 MHz. Ẹni tó wà ní London á ṣí i lórí fóònù, á sọ̀rọ̀ gba inú rédíò tó wà ní Èkó, á wá gbọ́ ohun tí àjèjì tó wà ní Netherlands ń gbọ́ gan-an, pẹ̀lú ariwo àti bí ìgbì ṣe ń rọ̀ tó sì ń ga. Ibi tí etí kejì wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe sún mọ́ tòsí lọ. Lórí 14 MHz, ìgbì tó fò láti Èkó lè dé Netherlands kedere, kó sì fo Ìbàdàn kọjá lórí.

Tí wọ́n bá ti wá ní ohùn méjèèjì lọ́wọ́, ìyẹn èyí tí MON dá padà àti èyí tí etí kejì gbọ́, fífi wọ́n wéra ló ń tú àṣírí. Ohùn tó já nínú méjèèjì ti já kó tó dé rédíò. Èyí tó já nínú ti MON nìkan, ojú ọ̀nà àbọ̀ ló ti já. Èyí tó mọ́ nínú MON tó sì ń fọ́ ya sí ẹ̀gbẹ́ nínú ti etí kejì, ìyẹn ni pé ó ń dún níbi tí kò yẹ kó dún, ìgbẹ̀yìn rédíò tàbí ẹ̀rọ amágbáraga tó so mọ́ ọn ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n láìgbọ́ ara rẹ̀. Ọ̀kan ni ti ìrù ọ̀rọ̀. Àṣẹ PTT, bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kì í dúró nínú jitter buffer bí ohùn ṣe ń dúró. Tí wọ́n bá ti fẹ buffer náà dé 200 mílísẹ́kọ́ńdì nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò dáa, tí ẹni náà sì gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì bó ṣe ń parí ọ̀rọ̀, rédíò á ti pa kí sílébù tó kẹ́yìn tó jáde. Ẹni tó sọ pé "ó dàbọ̀", "ó dà" ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Kó di bọ́tìnì mú díẹ̀ sí i, ó tán.

Ti orí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún wà. Bí wọ́n bá fi VOX sílẹ̀ lórí rédíò, ìyẹn ni pé ohùn fúnra rẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ, ìró àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ fi ń jí, kì í sì í bá a lọ. Orúkọ ìpè àwọn hàámù Nàìjíríà, àmì tí wọ́n fi ń dá kálukú mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, fi 5N bẹ̀rẹ̀; "November" ni wọ́n sì máa ń pe lẹ́tà N. Ẹni tó ní "Five November Zero" tí "Five" sì sọnù, "November Zero" ló kù, orúkọ ìpè Amẹ́ríkà nìyẹn. Àwọn tó ń wá Nàìjíríà kiri á sì kọjá lára rẹ̀.

Àṣìṣe kẹta farasin jù. Lára Icom IC-7300, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní DATA OFF MOD, òun ló ń sọ ibi tí rédíò á ti máa gba ohùn. Bí wọ́n bá fi í sí MIC,USB, ohùn íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé, máìkì tó so mọ́ rédíò náà á sì máa gbọ́ yàrá. Ẹni tó wà ní London á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ní Èkó á máa bá a dá sí i. Tí MON bá wà ní pípa, ìṣùpọ̀ ariwo yẹn kò hàn nínú hẹ́dífóònù London, ohùn tí MON dá padà tàbí etí kejì ló ń fi í hàn.

Ní ti bí ohùn ṣe ga tó, bọ́tìnì mẹ́ta ló ń darí rẹ̀: ti kọ̀ǹpútà, ti ètò tó ń gbé ohùn lọ, àti ti rédíò. Àtòkè lomi ti ń tòrò wá. Ohùn tó bá ti kọjá àlà nínú kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ ti gé, kò sí bí wọ́n ṣe máa yí ti rédíò sílẹ̀ tí orí náà á padà. Kí wọ́n tò ó láti London lọ, kí wọ́n wá fi ojú wo ALC, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí ohùn bá ti ga jù, lórí rédíò nígbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń fi Morse ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn kọ lẹ́tà, kò tiẹ̀ lè ṣe é báyìí rárá. Ní ọ̀rọ̀ 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, àmì kékeré kan gba 60 mílísẹ́kọ́ńdì. Ìdádúró 210 ju àmì mẹ́ta lọ, ọwọ́ á sì dàrú kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn nílé ló ń dún ìró náà sí wọn létí, tó tún ń wọn gígùn àmì kọ̀ọ̀kan kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Tiwọn náà jẹ́ ìtùnú bí ti máìkì. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó jáde, Twente ni kí wọ́n lọ.

Gbogbo ìdánwò yìí ń jáde sórí afẹ́fẹ́, nítorí náà orúkọ ìpè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Òfin FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n sọ ọ́, ó pẹ́ tán, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá àti nígbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Òfin náà tún ní kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń darí láti òkèèrè lè pa ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ọ̀nà ìdarí bá bàjẹ́. Eléyìí náà ṣeé gbọ́. Pẹ̀lú agbára díẹ̀, níbi tí kò sẹ́nikẹ́ni lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á tẹ PTT, wọ́n á fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì London yọ, wọ́n á fi dátà fóònù máa gbọ́ Twente, kí wọ́n wo aago títí ìgbì náà fi máa dákẹ́.